Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Bí A Ó Ṣe Yan Tẹlifíṣọ̀n àti Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan owó kan tó ń jáde lóṣooṣù nílé wa ní Erinje, ní Òkìtìpupa, ní Ilútitun, dé gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù Oǹdó, tí ọ̀pọ̀ wa kì í jókòó ṣírò: owó tẹlifíṣọ̀n àti owó íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a bá fẹ́ ra dikódà tàbí rọ́tà, ìbéèrè méjì la sábà máa ń bèèrè: èló ni, àti ilé iṣẹ́ wo ni orúkọ rẹ̀ ń dún jù? Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Èyí tó yẹ kó ṣáájú wọn nìyí: bí nǹkan yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́la, tàbí tí iye rẹ̀ bá lọ sókè kọjá agbára mi, báwo ni mo ṣe máa kúrò níbẹ̀, kí ni màá sì pàdánù? Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ tó yẹ kí á yàn ni èyí tí a lè fi sílẹ̀ láìfarapa. Bákan náà, kò yẹ kí àwòrán àti íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé kan wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, kí á sì dá àwọn tó máa jiyàn lóhùn.

Ibi tí a wà ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kì tàbí Ìkẹjà ní Èkó lè ní kí ilé iṣẹ́ bíi ipNX tàbí FibreOne wá fa okùn fíbà wọ yàrá òun. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ síbi tí ilé ti fún pọ̀, kí owó tí wọ́n fi ri okùn mọ́lẹ̀ lè tètè padà wọlé. Ní ìlú tó mọ níwọ̀n bíi Erinje, inú afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán àti íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ọ̀nà mẹ́rin ló sì pín sí. Èkíní ni díìṣì, irú ti DStv. Sátẹ́láìtì tí díìṣì yìí kọjú sí wà lókè réré, nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sí ilẹ̀, kì í sì í kúrò lójú kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń de díìṣì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n òjò ńlá máa ń gbé ìgbì rẹ̀ mì, àwa tí a ń gbé nínú igbó kìjikìji nítòsí òkun sì mọ bí òjò wa ṣe ń rọ̀. Èkejì ni áńtẹ́nà, irú ti GOtv àti ọ̀kan nínú oríṣi méjì tí StarTimes ń tà. Orí òpó tó wà nílẹ̀ ni ìgbì tiwọn ti ń wá. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí òpó kò ní rí nǹkan wò. Ẹ̀kẹta ni dáátà láti orí òpó àwọn oníbánisọ̀rọ̀, MTN, Airtel, Glo àti T2 tí à ń pè ní 9mobile tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òpó kan ló jọ ń pín in, nítorí náà ó máa ń lọ́ra nígbà tí gbogbo ayé bá tibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀kẹrin ni Starlink, tí sátẹ́láìtì tirẹ̀ pọ̀ lọ súà, tí wọ́n ń sáré yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 550 péré lókè wa. Ó yá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run gbangba ló ń fẹ́, ọ̀pẹ tàbí àgbọn tó bá ga bò ó yóò máa já a.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo ní wá láti inú ìtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ará ilé kò ní ohun púpọ̀ láti yàn. Ẹ̀rọ tí èèyàn bá rà ni tirẹ̀, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn tó bá sì dé lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yẹn náà ni yóò fi wò ó. Dikódà olówó oṣù ló yí èyí padà. Owó wa la fi rà á, inú ilé wa ló wà, síbẹ̀ ẹni tó tà á ló ń ṣí i, òun náà ló sì ń tì í. Ẹ rántí HiTV. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà yìí gba ẹ̀tọ́ láti máa fi Prímíà Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì tú lọ ra dikódà rẹ̀. Ní ọdún 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ DStv. Nígbà tó fi máa di ọdún 2011, HiTV ti kógbá sílé. Dikódà rẹ̀ kò lè ṣí ìkànnì ẹlòmíràn, ńṣe ló di ohun tí eruku ń bò lórí àga tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó sanwó oṣù kan, oṣù kan ló pàdánù. Ẹni tó san owó ọ̀pọ̀ oṣù sílẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó rà á kò gbọ́n. Ohun tó dára jù lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n rà. Ohun tó kù ni pé wọn kò bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá yí padà.

Ẹ̀rí kejì ni iye owó. Ẹ jẹ́ kí á mú ìpele kan ṣoṣo lára DStv, ìyẹn Compact, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń san. Kí oṣù Kọkànlá ọdún 2023 tó dé, náírà 10,500 ni. Ní oṣù náà, ó di 12,500. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó di 15,700. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó di 19,000. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Starlink bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, náírà 38,000 ni owó oṣù rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di 75,000 lọ́dún náà, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ní ọdún 2025 ó di 57,000. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025 kan náà, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníbánisọ̀rọ̀ lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dáátà. N kò sọ pé ìwọra nìkan ló fà á. Náírà já wálẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù, dọ́là ni wọ́n fi ń ra irinṣẹ́, dísù tó ń gbé òpó ró náà sì wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tí wọ́n kọ sára ìwé ìpolówó lónìí kì í ṣe owó tí a máa san lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá torí owó òní nìkan yan ilé iṣẹ́, orí ohun tó ń yí ló gbé ìpinnu rẹ̀ lé.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí òfin wà, ṣebí ìjọba wà, kí ló dé tí ẹrù yìí fi máa jẹ́ ti oníbàárà nìkan? Òótọ́ ni, òfin wà, kí á sì mọ̀ ọ́n lò. Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀, ló ń dáàbò bo oníbàárà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ oníbàárà ní Àbújá bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 náírà lé MultiChoice tó ni DStv àti GOtv, nítorí pé ó fi kún owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti pàṣẹ pé kó dúró ná, wọ́n sì ní kó fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò sì pé ọdún kan tí owó tún fi gòkè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé FCCPC kò ní agbára láti máa dá iye fún ọjà ẹni ẹlẹ́ni. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè pe NCC lórí 622 láìsanwó bí ilé iṣẹ́ kò bá dá yín lóhùn. Ní ọdún 2025, àjọ náà pàṣẹ pé bí nẹ́tíwọọ̀kì bá dá ju wákàtí 24 lọ nítorí ìdíwọ́ ńlá, kí wọ́n fún oníbàárà ní nǹkan dípò, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dáátà rẹ̀. Gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹsẹ̀ òfin wúwo. Ohun tí kò lọ́ra ni ẹsẹ̀ oníbàárà tó bá kúrò. Láàárín ọdún méjì tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2025, MultiChoice fúnra rẹ̀ kéde pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 oníbàárà ló bọ́ lọ́wọ́ òun ní Nàìjíríà. Irú iye bẹ́ẹ̀ máa ń dé etí àwọn ọ̀gá kíákíá. Ẹni tó bá lè kúrò ló ní ohùn. Ẹni tí kò lè kúrò, ẹ̀bẹ̀ ló kù fún un.

Ẹ̀rí kẹta ni ti íntánẹ́ẹ̀tì tó dédé kú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Abẹ́ òkun ni irú okùn báyìí ń gbà gbé èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì wá sí etíkun Èkó, kó tó gba orí ilẹ̀ lọ sí Oǹdó àti ibòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ilé ìfowópamọ́ ń ṣe ségesège, ìpè àti dáátà ń já lórí àwọn nẹ́tíwọọ̀kì kan. Ẹni tí ohun gbogbo nílé rẹ̀, ìròyìn, eré, ìpè àti owó fífi ránṣẹ́, gba ojú ihò kan náà wọlé wà nínú òkùnkùn. Ẹni tó ní áńtẹ́nà tàbí díìṣì ṣì rí ìròyìn wò. Kò dìgbà tí okùn bá já lójú òkun kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Katakátá tó ń la ọ̀nà lè gé fíbà mọ́lẹ̀, dísù lè tán lórí òpó, olè lè jí bátìrì rẹ̀. Ní agbègbè tiwa, ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ní gúúsù Oǹdó, Òkìtìpupa, Ìrèlè, Odìgbó, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, fi wà láìní iná ọba, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ amúnáwá Ọmọ́tóṣọ̀ ń dún ní ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 2024 ni NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ṣí ibùdó ìpín-iná 132/33 kV ní Erinje yìí. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yan ohun èlò fún ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọdún tó ti kọjá.

Iná yìí gan-an ló yẹ kó wọ inú ìṣirò wa. Tẹlifíṣọ̀n LED oníwọ̀n íǹṣì 32 pẹ̀lú dikódà rẹ̀ kì í sábà ju wáàtì 80 lọ, sólà kékeré lè gbé e fún wákàtí bíi mélòó kan lálẹ́. Àwo Starlink ńlá lè máa mu wáàtì 75 sí 100, ó sì ń mu ún ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, yálà a ń lò ó tàbí a kò lò ó. MiFi kékeré ní bátìrì nínú, ó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí á mọ iye tí nǹkan kan ń jẹ, owó oṣù nìkan kọ́ o. Epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, sólà wà níbẹ̀. Ohun tó rọ̀ jù lẹ́nu ìyá ọlọ́jà lè di ohun tó wọ́n jù nígbà tó bá délé.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà méjì á wọ́n ju ọ̀nà kan lọ. Ó jọ bẹ́ẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wíwo àwòrán tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè jẹ dáátà tó GB 3 ní wákàtí kan, èyí tó wà níwọ̀n lè jẹ tó GB 1. Bí ìdílé kan bá ń wo nǹkan fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí 120 nìyẹn lóṣù. Tí wọ́n bá fẹ́ fi dáátà wo gbogbo rẹ̀, GB 120 ni bí àwòrán bá wà níwọ̀n, GB 360 ni bó bá mọ́lẹ̀. Áńtẹ́nà àti díìṣì kì í ka wákàtí síni lọ́rùn. Bí a tàn án láti àárọ̀ dalẹ́, owó kan náà ni. Lọ́wọ́ kejì, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún kò wúwo rárá: WhatsApp, owó fífi ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù JAMB, ìwé tí ọmọ ń wá láti ka ní yunifásítì OAUSTECH ní Òkìtìpupa. GB díẹ̀ lóṣù ti tó fún wọn. Fídíò ló ń gbé dáátà mì. Nítorí náà, bí a bá fi ohun tó wúwo sórí áńtẹ́nà tàbí díìṣì olówó kékeré, tí a sì fi ohun tó fúyẹ́ sórí síìmù, ọ̀nà méjèèjì lápapọ̀ lè má tó ohun tí ọ̀nà kan ṣoṣo máa jẹ. Síìmù kejì tó wà nípamọ́ kò jẹ owó oṣù, ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá kú la máa ń fi káàdì sí i.

Àwọn kan á ní Starlink ti parí ìjà: kò ní òdiwọ̀n dáátà bíi ti síìmù, ó yá, a lè fi wo tẹlifíṣọ̀n, kí á sì da dikódà nù. Fún àwọn kan, òótọ́ ni. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti ilé rẹ̀ ní Òkìtìpupa, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí: wọ́n á rí èrè owó wọn níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń ti inú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, owó rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó mọ́, ó ti di okòwò. Ṣùgbọ́n fún ìdílé tó fẹ́ wo ìròyìn àti fíìmù Yorùbá lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti ọjà, owó àwo náà wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀ yálà a lò ó tàbí a kò lò ó, iná rẹ̀ kò kéré, iye rẹ̀ sì ti yí padà lẹ́yìn ọdún méjì péré. Kódà, ẹni tó bá yàn án, kó fi síìmù kan ti í lẹ́yìn. Yíyára kì í ṣe ìdí tí a ó fi ti gbogbo ilẹ̀kùn yòókù.

Bọ́ọ̀lù tún ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ wa á ní kò sí yíyàn nínú ti Prímíà Líìgì, ibi kan ló wà, ibẹ̀ náà sì ni a máa lọ. Mo gbà, apá yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti rọ̀ jù. Bí ẹ̀tọ́ bá wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, ẹni tó fẹ́ wò ó nílé kò ní ibòmíràn tó bófin mu. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé torí bọ́ọ̀lù lòun ṣe ń sanwó lè ṣe ohun méjì. Kó kọ́kọ́ bèèrè ìpele tó kéré jù tó gbé ìdíje tó ń fẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta ìpele gíga fún un nítorí ìkànnì tí kò ní ṣí láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Karùn-ún ni líìgì máa ń wáyé. Bí ìdíje ńlá mìíràn kò bá sí, kó sinmi owó sísan ní oṣù Kẹfà àti Keje. Kó sì máa rántí ọdún 2007 àti 2010: ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù ń ṣí kiri. Bọ́ọ̀lù ni kó tẹ̀ lé, kó má fẹ́ dikódà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n fẹ́ san owó ọdún kan fún bàbá àti ìyá wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkàn wọn lè balẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tó bá sanwó ṣáájú, owó kò ní gòkè mọ́ ọn lórí. Èyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní àkókò tí owó ń gòkè, sísanwó ṣáájú lè jẹ́ ààbò. Ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ́ ààbò ni ibi tí a ti dán nǹkan náà wò fún oṣù púpọ̀, tí a mọ̀ pé ó ń wọlé dáadáa nínú yàrá àwọn òbí wa, tí ilé iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí a kò bá tíì dán an wò, tétẹ́ là ń ta. Kí ọmọ tó fẹ́ ṣe òbí lóore fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ san án ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kó wá ṣe ti ọdún. Bákan náà ni mo máa dá ẹni tó ní kí á dúró de ìjọba lóhùn. Nàìjíríà ti ṣèlérí pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015, tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ máa di oní-díjítà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọdún 2016 ni Jọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, ọdún 2021 ni ó tó dé Èkó. Ìlérí dára, kí á máa béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé òní ni à ń gbé.

Báwo ni a ó ṣe wá yàn? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a dán an wò kí á tó rà. Ẹ yá síìmù nẹ́tíwọọ̀kì mẹ́ta lọ́wọ́ ara ilé tàbí aládùúgbò, kí ẹ fi sínú fóònù yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣí fídíò kan náà nínú yàrá tí ẹ ti máa lò ó. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ọ̀sán gangan tí òpó ṣófo. Kí ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn, pàápàá ọjọ́ òjò. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ẹ tún wò ó, nítorí páànù àti ògiri máa ń dí ìgbì lọ́wọ́. Èyí tó bá já fáfá nínú ilé yín ni tiyín, bí aládùúgbò bá tilẹ̀ ń yin òmíràn. Ohun kejì ni kí ẹ ra MiFi tàbí rọ́tà tó ń gba síìmù gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan tì mọ́ ara rẹ̀ lè dínwó nígbà ríra, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ̀rọ náà kò ní bá yín lọ. Kí ẹ máa tẹ *323# láti mọ dáátà tó kù, nẹ́tíwọọ̀kì yòówù kí ẹ wà, kí ẹ lè mọ iye tí ilé yín ń jẹ gan-an lóṣù. Ohun kẹta, ní ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ wọ ilé aládùúgbò tó ń lo dikódà tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ wò ó lójú ara yín. Bí ẹ bá ra àlòkù, ẹ rí i pé wọ́n yí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sí tiyín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ẹ wá bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta: bí mi ò bá sanwó fún oṣù kan, kí ló máa kù tí màá rí wò? Bó bá bàjẹ́, ta ló wà ní Òkìtìpupa níbí tó máa wá tún un ṣe? Nínú ohun tí mo ń rà yìí, èwo ló máa wúlò bí mo bá lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta yìí ti dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, n kò wá sórí rédíò láti sọ pé ilé iṣẹ́ kan dára, òmíràn kò dára. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò, gbogbo wọn ló sì lè já èèyàn kulẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé owó àwọn ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ kára nídìí púpurú àti lẹ́bu epo pupa ń wọ inú nǹkan tí wọn kò lè jáde nínú rẹ̀. Ará ìlú ńlá lè rìn dé ilé iṣẹ́ lọ bá wọn jà. Ilé iṣẹ́ tó ti mọ̀ pé ará Erinje kò ní ibòmíràn láti lọ kò ní yára dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí òmìnira láti kúrò fi ṣe pàtàkì fún wa ju bó ti ṣe pàtàkì fún ará Èkó lọ. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé yín, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń wò gan-an sílẹ̀, ohun tí ẹ ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gan-an, àti iye tó ń lọ lórí rẹ̀ pẹ̀lú owó epo àti iná. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò, ẹ dá a dúró. Ohun tí ẹ nílò, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Bí ìdílé púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tajà fún wa á mọ̀ pé iṣẹ́ tó dára ni wọ́n lè fi dá wa dúró, kì í ṣe ìdè.